Ẹ Bá Mi Gbé E Dání

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Amẹ̀jẹ̀ kọ ọwọ́ Mosúnmọ́lá lẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ti fi etí ìró nù ún gbẹ, ó sì ti tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí gíláàsì bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é. Abẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ náà gún un ní àtẹ́lẹwọ́, ó mu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ bí ẹ̀fọn ṣe ń mu ún, iná pupa sì tàn.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ kò bá ti ọmọ náà mu. Ìwọ kọ́ ni ìyá rẹ̀. Kúrò lórí ìlà."

Bí Amẹ̀jẹ̀ ṣe ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn, àtàgbà àtọmọdé. Àwọn tó kọ́ ọ lédè kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe àgbà.

"Mi ò kúrò," ni Mosúnmọ́lá wí.

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kùn. Wọ́n á tó igba èèyàn nínú gbọ̀ngàn Ilé Ìtúnpàdé láàárọ̀ yẹn, kálukú pẹ̀lú ohun tó kù sí i lọ́wọ́: fọ́tò tí omi ti jẹ létí, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan, ọ̀já ìpọnmọ. Tí wọ́n bá kùn sí ẹlòmíràn, ta ni yóò ní sùúrù fún wọn nígbà tó bá kàn wọ́n?

Ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn tábìlì. Ọ̀gbẹ́ni Akínsúlírẹ̀ ni, akọ̀wé àgbà, tó ti wà lórí ìjókòó yẹn kí irùngbọ̀n rẹ̀ tó funfun.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó síbí." Ó mú un lọ sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́bàá fèrèsé.

Láti ojú fèrèsé náà, èèyàn lè rí gbogbo ayé bó ṣe kù. Omi ló wà nísàlẹ̀ títí dé ibi tí ojú lè rí i dé, omi tó ti bo Ìlàjẹ, tó ti bo Ìkálẹ̀, tó sì ń bọ̀ síbẹ̀. Lórí omi náà ni Léfòó wà, ìlú tí wọ́n fi pákó àti àgbá oníke dì pọ̀, níbi tí Mosúnmọ́lá ń gbé. Lókè ni Orí-Àpáta, ìlú àwọn tó tètè sá. Agbéniròkè ló so méjèèjì pọ̀, àwọn àpótí onígíláàsì tí okùn irin ń fà gòkè, tó tún ń fà sọ̀kalẹ̀, láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àtẹ̀gùn òkúta wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹgbẹ̀rún méjì ìṣísẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gùn ún mọ́.

"Màmá, ẹ̀rọ yìí kì í parọ́."

"Èmi náà ò parọ́. Ṣé mo sọ fún yín pé èmi ni mo bí i? Ohun tí mo sọ ni pé ọmọ mi ni."

Akínsúlírẹ̀ wẹ̀yìn wò kíá. "Ẹ rọra. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ gbọ́ yẹn. Ẹni tó bá tọ́jú ọmọ tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí kò sì níwèé, agbọ́mọpamọ́ ni lójú òfin. Ẹ sì mọ ohun tó bí òfin náà. Lẹ́yìn Omi Kìíní, àwọn kan ń fi ọkọ̀ kó ọmọ kiri bí ẹni kó ẹja. Wọ́n ń pe ara wọn ní ìyá, wọ́n ń pe ara wọn ní bàbá. Ẹ̀rọ yìí ló gba àwọn ọmọ náà lọ́wọ́ wọn."

"Mo mọ̀. Ojú mi ló ṣe."

"Ọ̀la ńkọ́? Ẹ mọ ohun tí ọ̀la jẹ́?"

Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ti wo egungun ọmọ náà, ó ti ka ọjọ́ orí rẹ̀. Lọ́la, ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, yóò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọ Omi, ìyẹn ọmọ tí omi yà kúrò lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, tó bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹbí kankan kò tíì gbà á, ọmọ ìjọba ni. Ọkọ̀ á wá kó o lọ sí Odi Òkun, níbi tí wọ́n ti ń mọ ògiri dí omi, yóò sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Mosúnmọ́lá ti rí àwọn tó ti Odi dé. Ikọ́ wọn kì í dá. Àwọn tó padà dé náà nìyẹn.

Orúkọ ọmọ náà ni Ẹniìtàn. Mosúnmọ́lá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò mọ orúkọ tí wọ́n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí Omi Kìíní dé, ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Mosúnmọ́lá, kò lọ́kọ, kò bímọ, ẹja ló ń yan tà. Ó bá ara rẹ̀ ní ìdí ọkọ̀ ńlá kan tó ń kó èèyàn kúrò ní Igbókòdá. Obìnrin kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tú ọ̀já, ó sì na ọmọ oṣù márùn-ún sí i. Ó ní, "Ẹ bá mi gbé e dání, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí òrùlé lọ́hùn-ún. Mò ń bọ̀." Ó sì bẹ́ sómi. Kí ó tó dé ibi òrùlé náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mú, ọkọ̀ sì gbéra. Mosúnmọ́lá kígbe títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Kò sẹ́ni tó dá ọkọ̀ dúró.

Ó gbé ọmọ náà dání. Ó fi omi ẹja tọ́ ọ, ó fi púpurú tọ́ ọ, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ kí ó tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́rin, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìjì Omi Kejì gé Léfòó sí méjì bí ẹni gé búrẹ́dì. Apá tí ilé ẹ̀kọ́ wà ló sún lọ. Ọkọ̀ àwọn ará òkè kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, wọ́n ní wọn kò ní dá ọmọ kankan padà sómi àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá wá gbà á.

Ọdún mẹ́jọ ni Mosúnmọ́lá fi ń ti àgọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn ló rí ojú ọmọ rẹ̀ lára pátákó ìpolówó ní èbúté: ọmọdébìnrin tó ti dàgbà, tí wọ́n ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n kí ó tó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ọ̀nà kan ló kù," Akínsúlírẹ̀ sọ, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹni tó bí i. Bóyá ó wà láàyè, tó sì rò pé ọmọ ti kú. Á ti tọwọ́ bọ ìwé òkú. Ẹni tó bá sì ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, Amẹ̀jẹ̀ kì í yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò mọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹlẹ́rìí bá dìde pé ọjọ́ báyìí, níbi báyìí, báyìí ni ọmọ ṣe dé ọwọ́ òun, ẹ̀rọ á ṣí gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ti pa dé láti àdúgbò náà."

"Kí ni wọ́n á ṣe fún ẹlẹ́rìí?"

"Wọ́n á so ẹ̀gbà pupa mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibikíbi tí ọmọ náà bá wà, ilẹ̀kùn kò ní ṣí fún un. Títí ayé, màmá."

Lẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò tí àwọn obìnrin Léfòó ń sùn sí, Ìyá Gbénró ti ń dúró dè é. Aládùúgbò rẹ̀ ni. Ó fà á wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì tú aṣọ kékeré kan. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

"Awọ ọwọ́ ni. Irun orí ọmọ rẹ ni wọ́n fi hù ú. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ló bá mi yọ ọ́ nínú òòyà. Fi bo àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ni Amẹ̀jẹ̀ máa mu, á sì pè ọ́ ní ìyá. Irú rẹ̀ ni mo fi gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

"Tó bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀wọ̀n fún ìwọ, Odi fún òun, lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ kì í sábà mọ̀."

Mosúnmọ́lá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó so awọ náà mọ́ igun ìró rẹ̀, ó sì lọ wo ọmọ.

Ààbọ̀ wákàtí ni wọ́n ń fún èèyàn lójoojúmọ́, gíláàsì láàárín. Ẹniìtàn ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ. Ẹ̀wù aláwọ̀ eérú tí ìjọba ń fún wọn ti kúrú fún un lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀ kò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé kalẹ̀. Ó lóṣòó sílẹ̀ bí àwọn ayanja ṣe ń lóṣòó nídìí iná, Mosúnmọ́lá náà sì lóṣòó ní ìhà tirẹ̀.

"Mo rí ohun kan," ni Mosúnmọ́lá wí, ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ nítorí gíláàsì náà létí. "Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, tí Ọlọ́run bá fẹ́, àwa méjèèjì á jọ sọ̀kalẹ̀."

"Ohun tó dára ni?"

"Ohun tó máa mú wa délé ni."

"Obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Obìnrin wo?"

"Ẹni tó ní òun ń bọ̀."

Mosúnmọ́lá yí ojú kúrò lára gíláàsì.

"Ìyá, ọdún mélòó lẹ fi wá mi?"

"Mẹ́jọ."

"Ẹ ní oorun ò kun ojú yín."

"Kò kùn ún."

"Tirẹ̀ á ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Inú bí Mosúnmọ́lá lójijì. "Ṣé o fẹ́ kí n sọ ọ́ nù ni? Ṣé mo rìn láti àgọ́ dé àgọ́ kí n lè wá fi ọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́?"

"Rárá, mà." Ohùn ọmọ náà kò gbọ̀n. "Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ mí nù mọ́. Ẹ̀yin tàbí òun. Tí wọ́n bá so nǹkan mọ́ yín lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni n ó já a."

Agogo lù. Wọ́n ti mú un lọ kí Mosúnmọ́lá tó dìde dúró.

Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí igun ìró. Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbàdúrà fún obìnrin yẹn bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún òkú, tó ń sọ pé kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Nínú ọkàn rẹ̀, ó fẹ́ kó jẹ́ òkú. Òkú kì í padà wá gba ọmọ. Ṣùgbọ́n ó mọ bí àárọ̀ ṣe máa ń rí fún ẹni tó ń wá ọmọ: bí wọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ jí, tí wọ́n á gbàgbé fún ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n á wá rántí. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dá awọ náà padà fún Ìyá Gbénró.

"Òmùgọ̀ ni ọ́," ni Ìyá Gbénró wí. Omi wà lójú rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti gbọ̀ngàn, Mosúnmọ́lá dúró níwájú Amẹ̀jẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé gbọ́: ọjọ́ náà, Igbókòdá, ìdí ọkọ̀, ọ̀já, òrùlé. Akínsúlírẹ̀ bo ojú. Ẹ̀rọ dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi rò pé ó ti kú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ kan bá a mu. Arinọlá. Orí-Àpáta. Ó wà láàyè." Bí ó ti ń sọ ọ́, ẹ̀gbà pupa jáde lábẹ́ gíláàsì, ó sì pa dé mọ́ ọrùn ọwọ́ Mosúnmọ́lá.

Wọ́n ní kí ó kúrò lórí òkè kí wọ́n tó mú ọmọ wọ gbọ̀ngàn ní agogo mẹ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ní agogo méje àárọ̀, ó ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì dìde.

Obìnrin kan sáré wọlé, gírísì ní ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ìgbànú àwọn tó ń gun okùn irin ní ìdí rẹ̀, ẹ̀mú àti sípánà ń dún lára rẹ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún agbéniròkè ṣe. Orí okùn ló wà nígbà tí wọ́n pè é.

"Ta ni Mosúnmọ́lá?"

"Èmi ni."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Mosúnmọ́lá ì bá má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú yẹn, ojú Ẹniìtàn ni. Arinọlá kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ̀gbọ́n, mo padà wá. Mo fi Ọlọ́run búra, mo padà wá. Ọkọ̀ ti lọ."

"Mo mọ̀. Mo kígbe. Wọn ò dá a dúró."

"Wọ́n ní ọkọ̀ náà dojú dé lójú òkun, pé kò sẹ́ni tó yè é."

"Ó dojú dé lóòótọ́. Mi ò jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ mi." Mosúnmọ́lá fà á dìde. "Ẹni tó wà lórí òrùlé ńkọ́?"

"Ó wà. Ó ti ga jù mí lọ."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Mosúnmọ́lá wí, ó sì rí i pé tọkàntọkàn ni òun fi sọ ọ́.

Akínsúlírẹ̀ mú Arinọlá lọ síwájú ẹ̀rọ. Ó tẹ́ ọwọ́ sí i. Iná àwọ̀ ewé tàn, gbogbo gbọ̀ngàn sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ bára mu. Ìwọ ni ìyá rẹ̀. Báwo ni ọmọ ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ? Ìlà kìíní: Mosúnmọ́lá jí i. Ìlà kejì: Mosúnmọ́lá rí i he, ó sì gbé e pamọ́. Tẹ ọ̀kan."

Arinọlá tẹjú mọ́ gíláàsì. "Èwo nínú méjèèjì ló ní èmi ni mo gbé e fún un?"

"Ìdáhùn yẹn kò sí. Tẹ ọ̀kan."

"Mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

"Ìyáàfin," Akínsúlírẹ̀ bẹ̀ ẹ́, "ìka kan péré ni. Tí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́ kí agogo mẹ́fà tó lù, Odi ni ọmọ ń lọ."

Mosúnmọ́lá sún mọ́ wọn. "Tẹ̀ ẹ́, àbúrò. Tẹ èyí tó bá wù ọ́. Ẹ̀gbà ti wà lọ́wọ́ mi ná. Jẹ́ kí ọmọ bọ́."

"Kí ó bọ́ sórí kí ni? Sórí irọ́?" Arinọlá yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá tọ́ ọmọ ẹni, a kì í pè é lólè. Lójoojúmọ́ tí ọmọ yẹn bá wò mí, á máa rí ẹni tó fi ìka kan ta yín. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń so okùn fún àwọn ará òkè yìí kí wọ́n má bàa já bọ́. Wọn kò tíì ṣe nǹkan kan fún mi rí. Wọ́n á ṣe èyí."

Ó gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sẹ́nu. "Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nínú agbéniròkè sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a dúró."

"Èwo?" ohùn kan bi í láti òkèèrè.

"Gbogbo ẹ̀."

Ohùn náà kò bi í ní ìdí. Àwọn mẹ́tàdínlógún ló ń gun okùn náà. Nínú wọn, Omi ti gba ẹnìkan lọ́wọ́ àwọn mẹ́tàlá. Kò pẹ́ tí àwọn àpótí fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà làwọn èèyàn tó mọ̀ pé okùn irin náà máa ń kùn tẹ́lẹ̀, nítorí pé kò kùn mọ́.

Ní agogo mẹ́sàn-án, alábòójútó mú Ẹniìtàn wọlé. Ẹ̀gbà ọwọ́ Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í han nítorí ọmọ náà ti wà nítòsí, ó sì ń fún un lọ́wọ́ bí ẹni fún aṣọ. Arinọlá yọ ẹ̀mú nínú ìgbànú rẹ̀, ó fẹ́ já a, ṣùgbọ́n Ẹniìtàn na ọwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo ti ṣèlérí."

Arinọlá fi ẹ̀mú náà fún un. Ẹniìtàn lo ọwọ́ méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ẹ̀gbà náà sì já. Alábòójútó náà la ẹnu, ó wo Akínsúlírẹ̀. Akínsúlírẹ̀ ń wo ojú fèrèsé.

Ẹniìtàn dá ẹ̀mú padà. Ó wo obìnrin tí ojú wọn jọra náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Arinọlá sún mọ́ ọn. Ó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó rántí gírísì, ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.

"Kí lorúkọ tí ẹ sọ mí?"

"Ìbíwùmí."

"Ó dáa. Méjì ni mo ní nígbà náà." Ọmọ náà sì fa ọwọ́ tí ó fi pamọ́ náà jáde, ó dì í mú bó ṣe wà.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú Amẹ̀jẹ̀. Mosúnmọ́lá tú ẹrù rẹ̀, púpurú àná àti ẹja gbígbẹ, wọ́n sì ń jẹ. Amẹ̀jẹ̀ ń sọ pé kí wọ́n kúrò lórí ìlà. Ìgbà tó sọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, bàbá arúgbó kan tó wà níwájú ìlà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí gíláàsì.

"Ọmọ aládùúgbò mi ni mo ń wá," ni ó wí fún gbogbo ilé. "Ìyá rẹ̀ kú sọ́wọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ronú irọ́ tí n ó pa fún nǹkan yìí. Mi ò pa á mọ́." Ó sì jókòó tì wọ́n. Obìnrin tó tẹ̀ lé e náà jókòó. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó dúró lórí ìlà mọ́. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn wà.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ Odi tó wá kó ọmọ gúnlẹ̀ ní èbúté. Wọ́n wo agbéniròkè tó dúró pa, wọ́n wo àtẹ̀gùn ẹgbẹ̀rún méjì, wọ́n wo oòrùn, wọ́n sì jókòó sábẹ́ ìbòji. Olùdarí Ilé Ìtúnpàdé nìkan, tó ti sọ̀kalẹ̀ lọ ṣèpàdé láàárọ̀, ló bọ́ kóòtù rẹ̀ sọ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún.

Akínsúlírẹ̀ kò jẹun láti àárọ̀. Ó ń wo aago, ó ń wo ọmọ náà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mẹ́fà lù, ó dìde, ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí, ó sì gbé ìwé ńlá kan jáde, ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ èèyàn kí Amẹ̀jẹ̀ tó dé. Ekuru rẹ̀ mú un sín. Ó yẹ bírò kan wò lára ìka, ó kọ.

"Òfin ní kí akọ̀wé àgbà kọ orúkọ ẹni tó gba ọmọ," ni ó wí, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Kò sọ pé dandan ni kó jẹ́ ẹ̀rọ ló máa kọ ọ́. Ọmọ mi, sún mọ́bí. Orúkọ rẹ?"

"Ẹniìtàn Ìbíwùmí."

"Orúkọ ìyá rẹ?"

"Ẹ fi àyè sílẹ̀, sà. Méjì ni wọ́n."

Ó kọ méjèèjì. Ó wá wo Arinọlá. "Báwo ni ọmọ ṣe kúrò lọ́wọ́ yín?"

"Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi kí ó bá mi gbé e dání."

Ó kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí agogo lù. Amẹ̀jẹ̀ kéde pé, "Ẹniìtàn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé. Ọmọ ìjọba."

"O ti pẹ́," Akínsúlírẹ̀ dá a lóhùn. "Mo ti kọ ọ́."

Bàbá arúgbó náà ti wà lẹ́nu tábìlì kí ó tó gbé ojú sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyókù dìde tò, wọ́n tò yí gbọ̀ngàn ká, wọ́n tò jáde dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Nígbà tí Olùdarí dé, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, orúkọ méjìdínlógójì ló ti wà nínú ìwé náà.

"Ta ló pàṣẹ èyí?"

"Èmi ni, sà," ni Akínsúlírẹ̀ wí. Kò gbé bírò kúrò lórí ìwé.

Olùdarí wo ìwé, ó wo ìlà, ó wo ojú fèrèsé níbi tí àwọn àpótí dúró sí lórí okùn. Gbogbo ohun tí Orí-Àpáta ń jẹ, ìsàlẹ̀ ló ti ń wá, kò sì tíì sí nǹkan kan tó gòkè láti àárọ̀. Ó nu ojú.

"Ẹ̀yin mẹ́ta yìí, ẹ máa lọ sílé yín. Mo gbà á. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yín kí okùn máa lọ. Àwọn tó kù, a ó gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò tó bá yá."

Arinọlá wo Mosúnmọ́lá, nítorí òun ni àgbà. Ẹniìtàn náà wò ó.

Mosúnmọ́lá wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń fẹ́ gba irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ jáde pẹ̀lú ọmọ yìí. Ó wo ìlà náà, obìnrin tó mú bàtà ẹsẹ̀ kan dání, ọkùnrin tó di fọ́tò mọ́ àyà, títí dé ibi tí ìlà yí kọ́nà tí kò sì rí ìparí rẹ̀. Ó fa àga kan, ó gbé e síwájú Olùdarí.

"Ẹ jókòó kí ẹ mí, sà," ni ó wí. "Tí ẹ bá ti mí tán, ẹ bá wa wá bírò míràn. Èyí ti ń gbẹ."